Ẹ Wo Hertz Kẹ́ Ẹ Tó Gbé Àwo Jáàsì Lé E

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwo jáàsì tá à ń gbọ́ lọ́wọ́ ní Súrùlérè ni Kind of Blue ti Miles Davis afunfèrè (1959) àti The Olatunji Concert, tí John Coltrane, afunsasofóònù, ṣe ní Harlem ní New York ní 1967, ní gbọ̀ngàn Babatunde Olatunji onílù, ọmọ Ajídó lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ àwo tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra. Hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 60 nínú iná tiwọn, 50 ni tiwa. Transfọ́mà á sọ fóòtì 220 di 110, àmọ́ kò lè yí hertz padà. Bí mọ́tò tó ń yí àwo bá jẹ́ irú tó ń tẹ̀ lé hertz, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 ní ìṣẹ́jú kan á máa yí ní bíi 28, fèrè Miles á wá máa dún bí ẹni tí oorun ń kùn. Kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tò yẹn (pulley) ti hertz 50, tó tóbi díẹ̀ ju ti 60 lọ, ni kẹ́ ẹ béèrè. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mí sókè-sódò náà á máa gbé ohùn lọ gbé e bọ̀.

Ẹ má sì fi ojú kìíní Kind of Blue àtijọ́ wọn ìyára: ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́ra, ìyẹn ló jẹ́ kí orin mẹ́ta ibẹ̀ yára jù nígbà tí wọ́n lù ú ní ìyára tó yẹ. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Àwa olólùfẹ́ jáàsì,
Súrùlérè, Èkó