Fọlákẹ́, pààrọ̀ gíà yẹn kí o tó gbéra

Toulouse,
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́tò kẹ̀kẹ́ tuntun rẹ dé, mo sì fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi ka eyín gíà rẹ̀ tán. Férémù rẹ̀ dára, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, ẹni tó tà á fún ọ kò rẹ́ ọ jẹ. Ṣùgbọ́n òbìrìkìtì gíà tó kéré jù níwájú ní eyín 39, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 25. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dúró di ọjọ́ Àìkú tí a jọ máa ń sọ̀rọ̀. Orúnkún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dún tó kọjá kò gbọdọ̀ bá òkè agbègbè Lot ní Faransé, níbi tí a fẹ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ, fà á lórí gíà yẹn.

Wò ó báyìí. Lórí òkè 8%, ìyẹn ni pé o ń gun mítà 8 sókè nínú mítà 100 tí o bá rìn, ẹni tó gbé báàgì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yóò máa lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 34 ló wà níwájú, tí 34 wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ yóò máa yí ní bíi ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn dára, o lè máa sọ̀rọ̀ lọ lórí ẹ̀. Lórí 39 àti 25, ìgbà 45 péré ni ẹsẹ̀ á yí, torí náà ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o bá tẹ pẹ́dàlì, orúnkún á gbé ẹrù kan àti ààbọ̀ dípò ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ òkè kan ṣoṣo ni, à bá fi ara dà á. Agbègbè yìí ò ní òkè kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Òkúta ẹfun ni gbogbo rẹ̀, odò Lot àti odò Célé sì ti gé e jìn wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu. Cahors wà ní nǹkan bíi mítà 130 sójú òkun, pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè tí wọ́n ń pè ní causse sì wà ní bíi 350. Kò sí ìgbà tí ọ̀nà kúrò létí odò tí kì í gun mítà 150 sí 200 lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe òkè gbọọrọ bíi ti Pyrenees tí ara máa ń mọ́ lára. Kìlómítà méjì sí mẹ́rin ni, ó le níbí, ó rọ lọ́hùn-ún, o sọ̀kalẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, iye tí o ti gùn á pọ̀ ju bí máàpù ṣe fi hàn lọ.

Nítorí náà, gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní eyín 34 kan lásán lòun máa fi rọ́pò 39 yẹn, ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Bólùtì márùn-ún tó di eyín iwájú rẹ mú wà lórí òbìrìkìtì mílímítà 130, irú bẹ́ẹ̀ kò sì gba eyín tó kéré ju 38 lọ. Apá tí pẹ́dàlì wà lórí rẹ̀ gan-an ni wọn máa yọ, kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ 110 sí i, tòun ti 50 àti 34 rẹ̀. Wọn á tún rẹ irin tó ń ti ṣéènì níwájú sílẹ̀ díẹ̀ kó lè bá eyín tuntun mu, kí àlàfo mílímítà kan sí mẹ́ta wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn, ra 11-34, ìyẹn ni pé èyí tó kéré jù ní eyín 11, èyí tó tóbi jù ní 34. Kọ́kọ́ ka iye òbìrìkìtì gíà tó tò sẹ́yìn nísinsìnyí. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá ni kí o rà. Derailleur kékeré tó wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn, ìyẹn apá irin tó ń ti ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn lẹ́yìn, kò lè gba 34, èyí tí apá rẹ̀ gùn ni kí wọ́n fi sí i. Ṣéènì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí wọ́n ṣe ń wọn gígùn rẹ̀ nìyí: wọn á fi ká eyín tó tóbi jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn láì gbà á kọjá inú derailleur, wọn á fi ìdè méjì kún un, wọn á sì gé ìyókù. Dúró tì wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe èyí. Bí ṣéènì bá kúrú, lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ṣì ọ́ tí o kó o sórí 50 àti 34 pọ̀, á fa derailleur ya, a ò sì ní rí ẹni tó máa tún un ṣe lórí causse. Èyí tó kù ni skúrúù tó ń gbé derailleur sókè sódò. Kí wọ́n yí i títí kẹ̀kẹ́ kékeré òkè rẹ̀ á fi jìnnà sí eyín 34 yẹn tó mílímítà 6.

Bí bíréèkì rẹ bá gba táyà 28, 28 ni kí o fi sí i, kí àyè mílímítà mẹ́rin kù yíká. Afẹ́fẹ́ bar 4.5 níwájú, bar 5 lẹ́yìn lójú gejì, tó fún ìwọ àti ẹrù rẹ. Má fẹ́ ẹ le koko bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́; ọ̀dà títì ibẹ̀ rí gbágungbàgun, táyà tó le jù á kàn máa ta pọ́ńpọ́ńpọ́n ni.

Bùkọ́lá ti bímọ, obìnrin ni, àwọn méjèèjì wà lálàáfíà. Lánlọ́ọ̀dù wa ti fowó kún owó ilé. Màmá Ṣadé ní kí n kí ọ.

Ẹ̀rù ò bà mí nípa bí o ṣe máa gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Yọ pẹ́dàlì, kí o rántí pé ti òsì ń yí sí òdìkejì tó o bá fẹ́ tú u. Tú derailleur kúrò ní ìdí rẹ̀, fi aṣọ wé e, kí o so ó mọ́ inú férémù, torí irin pẹlẹbẹ tó gbé e dúró máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ju páálí sílẹ̀. Dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí o mú wá, má kó sìlíńdà gáàsì dání. Mo máa wá pàdé rẹ ní Blagnac, pápákọ̀ òfuurufú Toulouse, láti ibẹ̀ a ó bọ́ sí ọkọ̀ ojú irin lọ sí Cahors. Bó bá jẹ́ Intercités, ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn, la máa wọ̀, a gbọ́dọ̀ ti ra àyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Èmi á ṣe ìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo pín ìrìn-àjò náà sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ kò dára: oòrùn á mú títí ọ̀dà á fi máa yọ́ mọ́ táyà, mọ́tò àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ á sì kún gbogbo ọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní, láti Cahors. A ó kọ́kọ́ wo afárá Valentré, ilé ìṣọ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ọdún 1308 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà a ó tẹ̀ lé etí odò Lot, D653 títí dé Vers, kó tó di D662. Ọ̀nà tẹ́jú, àpáta ga lókè orí wa, ara á gbóná díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà ọ́ lọ sórí D820, ibẹ̀ ni tírélà ń gbà. Ní Tour-de-Faure a ó sọdá odò, òkè Saint-Cirq-Lapopie á bẹ̀rẹ̀. Abúlé yẹn jókòó sí etí àpáta ní bíi mítà 100 lókè odò. Àwọn olówó ayé ìgbà náà kọ́ ilé olódi síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ odò, àwọn agbẹ́gilére sì ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń ti àgbá wáìnì. Ilé wọn ṣì wà bẹ́ẹ̀, òrùlé wọn ga ṣóńṣó, ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn ṣe rìbìtì lókè. Òkúta róbótó ni wọ́n tẹ́ sí ìgboro, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ́ sílẹ̀ kí o fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́. Torí èyí náà ni mo ṣe ní kí o ra bàtà tí irin rẹ̀ wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ inú igbó ń wọ̀. Èyí tí irin rẹ̀ yọ síta á yọ̀ lórí òkúta yẹn, pàápàá bí òjò bá rọ̀. A ó sùn ní Cabrerets.

Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ràn jù. D41 ló ń tẹ̀ lé odò Célé títí lọ sí apá Figeac, ó tóóró, mọ́tò kì í pọ̀. Marcilhac wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú àwókù ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn wọn. Ara ògiri kan ṣì dúró láìsí òrùlé, koríko hù sáàárín rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Espagnac-Sainte-Eulalie. Figeac ni wọ́n bí Champollion sí, ní 1790, ẹni tó túmọ̀ àkọsílẹ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ní 1822.

Ọjọ́ kẹta la máa lo 34 yẹn. Láti Lacapelle-Marival dé Rocamadour, ọ̀nà tí Tour de France gbà fún ìdíje aláago ní 2022 la lè tẹ̀ lé, kìlómítà 40.7. Wout van Aert parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 48. Àwa á lo gbogbo àárọ̀. Ìparí rẹ̀ ni òkè L'Hospitalet, kìlómítà kan àti ààbọ̀ ní nǹkan bíi 8%, èyí tí mo ṣírò fún ọ lókè yẹn. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí gíà tó fúyẹ́ jù, jókòó sórí sítì, má dìde. Àpáta kan ni gbogbo Rocamadour lẹ̀ mọ́, ilé olódi lókè, ṣọ́ọ̀ṣì láàárín, ìgboro nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn 216 tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń fi orúnkún gùn. Ìwọ má fi orúnkún gun nǹkan kan o.

Omi ni ohun tó ń mú àwọn àlejò. Lórí causse, òjò máa ń rì gba inú òkúta ẹfun lọ ni, kì í dúró lókè. Kò sí odò, kò sí ìsun. Ìgò méjì onílítà 0.75 ni kí o máa gbé, kí o sì máa kún wọn ní gbogbo abúlé. Bí o kò bá rí ẹ̀rọ lójú títì, wọ itẹ́ òkú, ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Èyí tí wọ́n bá kọ «eau non potable» sí, fi fọ ojú, má mu ún. Ilé búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀bù ń tì láti aago 12 di aago 2 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ra oúnjẹ ọ̀sán láàárọ̀. Máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí ebi tó dé. Tí ebi bá ti dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ní ìsọ̀kalẹ̀, má fi ọwọ́ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tìẹ ń fún ríìmù ni, ríìmù á gbóná, túùbù á bẹ́. Fún un gírí kí o tó wọ kọ́ọ̀nà, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o wá tẹ̀. Níbi tí o bá ti rí pátákó «gravillons», wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ọ̀dà ni. Rìn jẹ́jẹ́, má fún bíréèkì iwájú nínú kọ́ọ̀nà. Nínú abúlé, mọ́tò tó bá ti apá ọ̀tún yọ lè ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ṣáájú rẹ, bí ọ̀nà tirẹ̀ tilẹ̀ kéré. Òfin ní kí mọ́tò fi mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn odi ìlú, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe é. Rántí aago kẹ̀kẹ́, dandan ni níbí.

Ó ku ohun kan, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Túndé àbúrò mi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, kì í gbé fóònù mi mọ́. Bó bá gbé e, «mo wà dáadáa, Sìstá mi», ó parí. Màmá ò tíì mọ̀ nílé, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn. Stockport tó ń gbé ò jìnnà sí ọ. Jọ̀ọ́, yà kí i lọ́la tàbí ọ̀tunla. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí o fi bá a sọ̀rọ̀, má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Sọ fún un pé o ń lọ sí Faransé, pé o kò fẹ́ dá gun òkè wọ̀nyí, pé ó ní láti sìn ọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé. Kò lè kọ̀ fún ọ, o mọ̀ bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ láti kékeré.

Torí tiẹ̀ náà ni mo ṣe pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà tó lè jẹ́ ọjọ́ méjì. Ara rẹ̀ ti jókòó jù. Bó bá sì rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ibùdókọ̀ ojú irin Rocamadour-Padirac ò jìnnà síbi tí a máa parí sí, a ó ti ibẹ̀ wọkọ̀ gba Brive padà. Èmi ni mo máa san owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí o bá ti rí i, wo ṣéènì àti bíréèkì rẹ̀ fún mi, kí o ya fọ́tò eyín gíà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí àyè kẹ̀kẹ́ kì í pọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn, mo sì fẹ́ ra tẹ̀yin méjèèjì pọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyábọ̀