Ìgò kì í làágùn, ìrì ló ń sẹ̀ sí i lára

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò yìí. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Apá Igbómìnà ni mo ti kọ́ ọmọ jù, láti Àjàṣẹ́-Ìpo títí dé Òmù-Àrán, kí n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin níbí. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan ló mú mi gbé bírò. Ó ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, pé èdè oríkì àti ewì ni tiwa, kí á fi ọ̀rọ̀ ooru àti iná sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé ohun kan wà tó ń dun ọ̀gbẹ́ni náà lóòótọ́, àmọ́ ibi tó na ìka sí kọ́ ni àìsàn wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Ọmọ ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹrin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó sì ka ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní “mátà” ní Gẹ̀ẹ́sì, gbọnrangandan, kò fẹsẹ̀ kọ níbì kan. Mo ní, “O káre. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yìí ńkọ́, ṣé mátà ni?” Ó wòkè, ó wolẹ̀. “Rárá, Màmá àgbà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtumọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ní ohunkóhun tó bá gbààyè, tó sì wúwo, mátà ni.

N kò bá a jà. Gáàsì ìdáná wa ti tán, mo ní kó jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ìyá oní-gáàsì. Ìyá náà gbé sìlíńdà òfìfo lórí òṣùwọ̀n, a wo nọ́ńbà. Ó so rọ́bà mọ́ ọn, ó rọ kílò mẹ́ta sí i, nọ́ńbà ń gòkè lójú wa. Mo bi ọmọ léèrè ohun tó wúwo yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní gáàsì ni. “Ṣé o rí i?” “Mi ò rí i, Màmá.” Ìyá oní-gáàsì rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá rò pé gáàsì kò wúwo, kó má sanwó kílò fóun mọ́. Nígbà tí a délé, mo rọra mi sìlíńdà náà sí i létí. Ó ní, “Ó ń dún bí omi!” Kò parọ́. Wọ́n ti fún gáàsì yẹn mọ́ inú irin débi pé ó ti di ohun tó ń ṣàn. Ìgbà tí a bá ṣí ẹnu rẹ̀ ló tó padà di gáàsì. Ọmọ náà sùn pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a fi jíròrò lọ́jọ́ yẹn tí kì í ṣe Yorùbá, àyàfi gáàsì, kílò, sìlíńdà àti irú wọn, tí àwọn náà ti di ọmọ ilé báyìí bí àlùfáà ṣe di ọmọ ilé. Ẹnu Ìlọrin tí wọ́n ní ó dùn ju iyọ̀, ṣé ti gáàsì ló máa há mọ́ ọn lọ́fun?

Ibi tí àìsàn wà ni pé a kì í pa ààlà sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní. Ẹ wo “ohun líle” tí àwọn olùkọ́ kan fi ń túmọ̀ ọ̀kan nínú ìrísí mẹ́ta tí mátà ń gbà; àwọn méjì yòókù ni ohun tó ń ṣàn àti gáàsì. Òwú le bí? Búrẹ́dì le bí? Fóòmù tí mò ń sùn lé ńkọ́? Ọmọ tó bá gba “líle” gbọ́ á ní òwú kò sí lára wọn, a ó sì fi ẹgba fún un nítorí àṣìṣe tiwa. Ohun tó dì ni èmi máa ń sọ, ohun tó di ìrísí tirẹ̀ mú. Gààrí máa ń dàmú àwọn ọmọ níbẹ̀, torí à ń dà á sínú kóńgò bí ẹni ń da omi. Mo máa ń ní kí wọ́n mú hóró kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì, kí wọ́n wò ó bóyá ó máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi.

Òrí tí wọ́n ń gbé wá láti apá Bàrúténì kọ́ni ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Nígbà ọyẹ́, ṣíbí kò wọ̀ ọ́. Tó bá di oṣù kẹta tí oòrùn Ìlọrin ń pa ni bí ẹni pa ejò, á yọ́ nínú igbá láìsí iná. Òrí kan náà ni. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé iyọ̀ “yọ́” nínú omi, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ooru. Yorùbá ti ní “yòrò” fún un tipẹ́. Kí òrí máa yọ́, kí iyọ̀ máa yòrò, ọ̀rọ̀ tán.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àmù. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Òkelele, á rí ìkòkò tí wọ́n tò jọ bí ogun. Èyí tí kò tíì wọná, bí òjò bá pa á, á padà di amọ̀. Èyí tó ti wọná kò lè padà di amọ̀ mọ́. Bó fọ́, àpáàdì ni. Irú ìyípadà méjèèjì, èyí tó ṣeé dá padà àti èyí tí kò ṣeé dá padà, tí ìwé fi ojú ewé mẹ́ta ṣàlàyé rèé. Ṣùgbọ́n àmù tí a ti gbé délé, tí a ti pọnmi sí, ni mò ń bọ̀ sí. Ara rẹ̀ máa ń tutù, a sì máa ń sọ pé ó ń làágùn. Òótọ́ ni. Omi inú rẹ̀ ló ń gba ojú ihò tín-tìn-tín ara amọ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Omi tó ń lọ yẹn kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ó ń gba ooru lára èyí tó kù nínú àmù. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù nini nígbà ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, àmù kò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Dúrọ́ọ̀mù oníke kò sì lè ṣe é láéláé.

Ẹ wá gbé ìgò mínírà jáde láti inú fíríìjì. Omi bò ó lára. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìgò náà ń làágùn, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń ṣìnà, torí á rò pé omi gba ara ìgò jáde bíi ti àmù. Ìgò kò ní ihò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Ìgbà tó fara kan ohun tútù ló di ẹ̀kán. Kí ni Yorùbá ń pe omi tó ti inú afẹ́fẹ́ wá bà lé ewé láàárọ̀? Ìrì. Ìgò kì í làágùn, ìrì ló sẹ̀ sí i lára. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí wọ́n tó ṣe fíríìjì àkọ́kọ́ láyé.

Ti agbára ló burú jù, ẹ̀yin náà sì jẹ̀bi níbẹ̀. Nínú ìròyìn yín lórí iná mànàmáná, agbára ni ohun tí à ń rà, agbára ni bí ẹ̀rọ ṣe tó, agbára náà ni ìjì fi wó òpó. Mẹ́ta ni wọ́n, Yorùbá sì ní mẹ́ta: okun, agbára àti ipá. Ipá ni ti títì àti fífà, bíi ti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó kọṣẹ́. Ti okun, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán pé okun inú la fi ń gbé tìta. Ẹni tó jẹ àmàlà kó tó lọ gbẹ́lẹ̀, okun inú àmàlà ló ń gbé ọkọ́ sókè, òun náà ló ń di ooru tó ń mú un làágùn. Okun kì í parun, aṣọ ló ń pààrọ̀. Omi tó wà lókè àpáta Ọ̀wù ní Ìfẹ́lódùn ní okun ní ìpamọ́ nítorí ibi gíga tó wà. Bó ṣe ń já bọ̀, okun ìpamọ́ ń di okun ìrìn. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n fi ń mú iná jáde ní Kàǹjì láti ìparí àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sì fi kún un ní Jẹ́bà ní 1985.

Agbára wá ni bí a ṣe ń yára ná okun sí. Ẹ wo míta alásansílẹ̀ tó wà lára ògiri. Yúnìtì tí à ń rà, okun ni. Wáàtì tí wọ́n kọ sára gílóòbù, agbára ni. Áyọ́nù oní-1000 wáàtì, bí kò bá sinmi, á jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Gílóòbù oní-10 wáàtì á tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ ẹyọ kan náà. Iye 760 mẹ́gáwáàtì (mílíọ̀nù wáàtì ni mẹ́gáwáàtì kan) tí wọ́n máa ń kà fún Kàǹjì, agbára ni. Láti ìgbà tí mo ti fi èyí han ọmọ ọmọ mi ló ti di ọlọ́pàá áyọ́nù nílé. Kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ lọ ṣòkòtò méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré lórí àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Bí akọ̀wé bá kọ “okun” láìbìkítà fún àmì, èwo ni kí ọmọ kà? Èyí tí à ń fi so ewúrẹ́ ni, àbí èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, àbí èyí tó wà nínú àmàlà? Agbára tí kò lámì á di àgbàrá tó ń wọ́ ilé lọ. Ipá á di ìpá, ìyẹn sì jẹ́ àìsàn ọkùnrin, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e. N kò ní bá wọn fà á nínú lẹ́tà yìí. Nílé mi, èmi ni ìjọba.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni igun kékeré kan lójú ìwé àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú àmì àti àpẹẹrẹ láti ilé ìdáná tàbí ọjà. Kí àwọn akọ̀ròyìn yín náà sì máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá pè é ní okun lójú ìwé kẹjọ, kó má di agbára lójú ìwé kìíní.

Fún mátà fúnra rẹ̀, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní “èlò”, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ èlò, ata àti ẹja ló ń rò. “Ohun” lásán ni mò ń lò ní tèmi. Òǹkàwé tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, kí èmi náà kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìlọrin.