Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé ìṣirò kí wọ́n tó ṣírò réṣíò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ yunifásítì ni mí. Ìṣúná ilé-iṣẹ́ àti bí a ṣe ń yẹ ìwé ìṣirò owó wò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta. Kí n tó di olùkọ́, ẹ̀ka tó ń yá ilé-iṣẹ́ lówó ni mo wà ní báńkì, ìwé ìṣirò ni mo sì ń kà láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀nà tí à ń gbà dán àwọn ọmọ yìí wò ló mú mi kọ̀wé sí yín.

A máa ń kọ iye ohun-ìní, iye gbèsè àti iye èrè fún wọn, a ó ní kí wọ́n ṣírò réṣíò, ìyẹn kí wọ́n fi iye kan pín òmíràn láti mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe sí. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé odidi ìwé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan lé wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́. A ò fi hàn wọ́n rí.

Ẹ wo èyí tí mo máa ń kọ sójú pátákó. Ilé-iṣẹ́ kan jèrè mílíọ̀nù 40 lọ́dún. Kí èrè yẹn tó jáde, wọ́n ti yọ mílíọ̀nù 12 nítorí pé ẹ̀rọ ń gbó. Owó yẹn kò kúrò lápò ilé-iṣẹ́ lọ́dún náà, nítorí náà a ó dá a padà, ó di 52. Ṣùgbọ́n gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ fi 55 lé sí i, ọjà tó jókòó sílẹ̀ láìtà fi 20 lé sí i, àwọn tó ń kó ọjà wá sì gbà kí wọ́n jẹ àwọn ní 10 sí i. Ẹ yọ 55 àti 20 kúrò nínú 52, nítorí owó tí kò tíì padà sápò ni, kí ẹ sì fi 10 kún un: dípò kí owó wọlé látinú òwò náà, mílíọ̀nù 13 ló jáde.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ nígbà tí a débẹ̀. Ó ní, “Mà, kí ni wọ́n wá fẹ́ fi san owó oṣù?” Inú mi dùn gan-an sí ìbéèrè yẹn, nítorí ohun tí ẹni tó fẹ́ yáni lówó máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà á yá a ni. Lọ́jọ́ tí ayánilówó bá kọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè á kógbá sílé. W.T. Grant, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà tó wó ní ọdún 1975, fi ọ̀pọ̀ ọdún kéde èrè nígbà tí òwò rẹ̀ ń jẹ owó dípò kó pa á wọlé.

Ẹnì kan lè ní kí a ṣáà kọ́ wọn láti wo owó tó wọlé. Ìyẹn nìkan kò tó. Owó tí WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, ń san kó lè lo wáyà àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù mìíràn jẹ́ ìnáwó ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ohun-ìní ni wọ́n rà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bílíọ̀nù 3.8 dọ́là ni òun kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrè ti wú. Owó tó tinú òwò wọlé náà ti wú, nítorí pé wọ́n ti ṣí ìnáwó ọ̀hún lọ sí abala ìdókòwò, níbi tí a ti ń kọ owó tí a fi ra ohun-ìní. Ṣùgbọ́n ẹ yọ owó tí wọ́n fi ra ohun-ìní kúrò nínú owó tó tinú òwò wọlé: iye tó kù kò yí padà, ibi yòówù kí wọ́n kọ ìnáwó náà sí.

Réṣíò fúnra rẹ̀ kò burú, bí a bá tú u palẹ̀. Ilé-iṣẹ́ méjì ń pa 18 lórí ọgọ́rùn-ún owó àwọn onípìn-ín, ọjà tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń tà lọ́dún dọ́gba pẹ̀lú ohun-ìní rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń jèrè 9 lórí ọgọ́rùn-ún ọjà, ohun-ìní rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì owó onípìn-ín. Èkejì ń jèrè 3 péré, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́fà ni tirẹ̀, gbèsè ló fi ra ìyókù. Bí ohun-ìní èkejì yìí bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà iye rẹ̀, owó onípìn-ín ti tán. Ọmọ tó kọ 18 fún àwọn méjèèjì gba máàkì kan náà lọ́wọ́ wa.

Àlàyé ẹ̀yìn ìwé ńkọ́? Láti ọdún 2019 tí IFRS 16, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń kọ ohun tí a háyà sínú ìwé ìṣirò, ti bẹ̀rẹ̀, ilé tàbí ọkọ̀ òfurufú tí ilé-iṣẹ́ háyà fún ọdún púpọ̀ ti di gbèsè nínú ìwé. Ẹni tó bá fi 2018 wé 2019 láìka àlàyé yóò rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yáwó ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ìdánwò réṣíò rọrùn láti máàkì, nítorí ìdáhùn kan ló ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ṣírò réṣíò kíá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kó kà á tán pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, kó sì wá dúró níwájú wa kó sọ bóyá òun á yá ilé-iṣẹ́ náà lówó àti ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹ bá tún ń tẹ ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ kan jèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó tó tinú òwò rẹ̀ wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè náà. Inú ìwé kan náà tí ẹ ti rí èrè ló wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣúná