Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n bá wa sọ ọ́ ní Nàgó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. A ń rí ìwé ìròyìn yín kà ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo nílẹ̀ Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ nígbà míì kó tó dọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn (irọ́ ni, ó máa gùn díẹ̀). Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ló fà mí lọ síbi ìjíròrò kan táwọn ọ̀mọ̀wé pe gbogbo ìlú sí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ìdí táwọn èèyàn fi máa ń dúró wòran tí wàhálà bá bá ẹlòmíì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi láago mẹ́rin, mo ki agbádá bọrùn, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ni. Ìyá kan tó ń ta tòmátì lọ́jà Ouando náà wá, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí.

Àṣé Faransé ni wọ́n máa sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe Nàgó, Yorùbá tiwa níbí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn mọ̀wé o, mi ò bú u. Ó sọ ìtàn ọmọbìnrin kan, Kitty Genovese, tí wọ́n gún lọ́bẹ pa ní New York lọ́dún 1964, ó ní èèyàn 38 ló ń wò ó tẹ́nì kankan ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ fóònù, ló bá nà án sí mi pé New York Times tó gbé ìtàn yẹn jáde gan-an ti gbà lọ́dún 2016 pé àbùmọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, àní obìnrin àdúgbò kan sáré sọ̀kalẹ̀ lọ gbá a mọ́ra títí dìgbà tí wọ́n fi wá gbé e. Ó dáa, kò burú. Ohun tó wá dùn mọ́ mi ni ìdánwò tí ìtàn yẹn bí, èyí tí Darley àti Latané, onímọ̀ ìhùwàsí méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1968: wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan bíi pé wárápá gbé e. Àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, 85 nínú 100 ló dìde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn yẹn tó dákẹ́, àwọn tó rò pé èèyàn mẹ́rin míì náà ń gbọ́, 31 péré. Kálukú ń rò pé ẹlòmíì á lọ.

Èmi ni mò ń rọra túmọ̀ ẹ̀ sétí ìyá yẹn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe dórí ìdánwò yẹn báyìí ni ìyá náà na ọwọ́. Wọ́n gbé míkírò fún un, ó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," kò tíì délẹ̀ lẹni tó ń darí ètò ti ní kó jọ̀ọ́, Faransé ni kí màmá fi sọ ọ́, àkókò ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá míkírò padà. Mo fi Ọlọ́run bura, ojú tì mí ju òun lọ.

Ìta ló ti wá sọ ọ́, lábẹ́ igi, a wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Ó ní níjọ́ tí zémìjàn kan, ọlọ́kadà akérò, ṣubú níwájú ìsọ̀ òun tí ọ̀kadà ẹ̀ há a lẹ́sẹ̀, èèyàn rọ̀gbà yí i ká, àwọn kan ń yà á ní fídíò, ó ń ké "ẹ gbà mí o, ẹ gbà mí o," kò sẹ́ni tó mira. Òun ló nàka sí ẹnì kan: "Bàbá Sàídì! Ìwọ, di táyà yẹn mú!" Bí Bàbá Sàídì ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, èèyàn bíi mẹ́wàá ti bá a gbé e. Ó ní ewúrẹ́ tí ilé mẹ́ta bá jọ ní, ebi ló máa pa á.

Olóòtú, ṣé kì í ṣe nǹkan tí Darley àti Latané ń wá kiri nìyẹn? Obìnrin yìí tiẹ̀ ti dé ìdí oògùn ẹ̀.

Ọmọ Kétu ni mí. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó, akọrin wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á bọ́ sójúde, á fi orin tú àṣírí ìwà gbogbo, olè, onírọ́, ọkọ tí kì í bọ́ ọmọ, àwọn èèyàn á máa gbè é, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tọ́rọ̀ bá sì bá á sọ orí kọ́. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, wá bá wa níbẹ̀ lọ́dún 2001, wọ́n kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ogún àṣà gbogbo ayé ni. Ìjíròrò lórí ìwà ọmọ èèyàn kọ́ lẹ̀ẹ́ pè é? Kò sì sí ìyá kankan tó nílò ògbufọ̀.

Àwọn òyìnbó gan-an mọ̀ pé irú ìwádìí wọn yìí kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀mọ̀wé Henrich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Kánádà kọ ọ́ lọ́dún 2010 pé nínú àwọn jọ́nà ìmọ̀ ìhùwàsí tó gbajúmọ̀, 96 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, àwọn ilẹ̀ òyìnbó tí èèyàn ibẹ̀ lápapọ̀ ò ju 12 nínú 100 ará ayé lọ ni wọ́n ti wá. Àwa tó kù ńkọ́? Paulin Hountondji tiwa, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Benin tó kú lọ́dún 2024, Àjàṣẹ́ yìí náà ló ti darí ilé ìwádìí ẹ̀, pariwo títí pé ìta làwọn ọ̀mọ̀wé wa kọjú sí, èdè àwọn ará ìta ni wọ́n fi ń kọ̀wé fáwọn ará ìta.

Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tiẹ̀ tó ìyẹn. Tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe é, kí wọ́n fi Nàgó àti Ègùn sí i, èmi á túmọ̀ ti Nàgó lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò gba kọ́bọ̀, kódà owó zémì, mo ní. Ìyá olótòmátì ní òun náà á wá, kí wọ́n ṣáà má fi sọ́jọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ ọmọ Kétu, Àjàṣẹ́