Níbo lo gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn sí?

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó mi ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rá? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ti ká páànù ilé ìdáná, mo ti ránṣẹ́ sí káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó wà ní Ìsẹ́yìn ní kí n kí ọ, orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìyá Fẹ́mi ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Houston lọ́hùn-ún yín lọ́jọ́bọ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ èyí sínú ìwé. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà láti ọjọ́ Àìkú. O gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́, mo rí àmì búlúù rẹ̀. O ò fèsì.

Ohun tí mo bi ọ́ kò le: níbo lo gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun yẹn sí? Ìyá Fẹ́mi ló sọ fún mi pé ọmọ òun wá kí yín, pé o ti ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, o sì gbé e sínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já sí ilé ìdáná yín. Ó ń yìn ọ́ ni o. Ó ní, "Ọmọ yín gbọ́n, ó ti múra de ìjì." Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo ní kó bá mi gbé àga.

Mo mọ̀ pé ìjì ọdún tó kọjá ló dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí ìjì Beryl wọ Texas ní ọjọ́ 8 oṣù keje, iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì, nínú ooru yẹn, oyún sì wà nínú ìyàwó mi. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò gbúròó yín. Mo ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà títí dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì yín. Ó bẹ̀rẹ̀ níjẹta, o ò sì gbé fóònù.

Mi ò ní kí o má ra jẹnẹrétọ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún ta ẹja dídì ní Bódìjà, kí ni mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ nípa ẹni tí ẹ̀rù àìsí iná ń bà?

Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Fírísà tó kún dé ẹnu, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, á gbé ẹja dúró fún wákàtí 48. Bó bá jẹ́ ààbọ̀ ló kún, wákàtí 24 ni. Fíríìjì kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí o bá gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, bu omi sínú àwọn ike, má bù ú kún kó má baà bẹ́, kí o fi dí gbogbo àlàfo inú fírísà. Bu omi sínú ife kan, jẹ́ kó dì, fi kọ́bọ̀ lé e lórí. Bí iná bá padà dé tí o bá kọ́bọ̀ náà nísàlẹ̀ ife, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti yọ́ kó tó tún dì. Dà á nù, má wo owó rẹ̀. Àwọn kan ń tà á bẹ́ẹ̀. Èmi náà tà á lẹ́ẹ̀mejì, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ojú ẹja náà ti wọlé, mo gé orí rẹ̀ kúrò kí oníbàárà má baà rí i.

Ẹ má sì máa ṣí fíríìjì wò. Ìwọ ni mo ń bá wí, kì í ṣe ìyàwó mi. Láti kékeré lo ti ń ṣí i bí ẹni pé àlejò wà nínú rẹ̀.

Omi, gálọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, kí ẹ ka ọmọ mọ́ ọn. Ẹ tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ kan, nítorí iná àwọn kan ò dé fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá. Kí mílíìkì ọmọ má ṣẹ́kù agolo kan ṣoṣo. Kí ọkọ̀ kún fún epo, kí owó wà lọ́wọ́, torí ẹ̀rọ ìsanwó ò ní ṣiṣẹ́. Mo fi gàrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlì àti róbó ránṣẹ́, ìyẹn ò bá iná rìn. Mo fẹ́ fi kílíṣí kún un, ìyá Fẹ́mi ní wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé.

O ò fi owó ránṣẹ́ láti oṣù kẹrin. Mi ò bínú. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló gbé owó náà mì, kó gbé e mì. Àmọ́ ẹni tó lówó àtira jẹnẹrétọ̀ lówó àtira wáyà gígùn tí yóò fi gbé e jìnnà sílé. Ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sílé. Gáréèjì kì í ṣe ìta. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kò tíì di ìta.

Ṣé o ti gbàgbé 2021 ni? Nígbà tí yìnyín bo Texas lóṣù kejì, ìwọ lo sọ fún mi pé àwọn kan dáná èédú nínú ilé, àwọn mìíràn tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì kí ara wọn lè móoru, tí wọn ò sì jí mọ́. Mo ní, "Háà, Ọlọ́run ṣàánú," mo yára bi ọ́ léèrè ohun tí o jẹ. Ọjọ́ náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

O rántí ibà tó dá ọ dùbúlẹ̀ ní 2004, nígbà tí a wà ní Òkè-Àdó, tí o wà lọ́mọ ọdún 11? Kì í ṣe ibà.

Nígbà náà, ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí iná ò ti dé. Páálí títù mẹ́rìnlá ló wà nínú fírísà, mo ra mẹ́sàn-án níbẹ̀ láwìn. Òjò ń rọ̀. Wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ onílé iwájú gbé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Bàbá yín ní ká gbé tiwa sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn á gbé agbòjò jókòó tì í. Mo ní rárá. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi wọ́ jẹnẹrétọ̀ náà wọ kọ́rídọ̀, sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yin ọmọ, mo sì ti ilẹ̀kùn nítorí olè. Èmi àti bàbá yín sùn sí ṣọ́ọ̀bù iwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde lóru, mo fọwọ́ kan ẹja wò bóyá ó ṣì le. Mi ò fọwọ́ kàn yín wò.

Bísí ló ń bì, tó rá dé ọ̀dọ̀ wa. A pè ọ́, o ò dáhùn. Bàbá yín gbé ọ jáde sínú òjò, wọ́n tẹ́ ọ sórí pátákó tí mo fi ń pàtẹ ẹja. Ó pẹ́ kí o tó sunkún. Nígbà tí dókítà sọ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ṣe ọ́, mo bẹ bàbá yín pé ká pè é ní ibà. Àgbo tí mo fún ọ mu fún oṣù mẹ́ta, tí o ń di imú, tí o ń sunkún, kò sí ibà kankan tó ń wò. Ojú ló tì mí, mo kàn gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan fún ọ. Bàbá yín ò fi bú mi lẹ́ẹ̀kan títí wọ́n fi lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ẹja náà ò bàjẹ́. Mo tà á tán, owó rẹ̀ ni mo fi san owó ilé ìwé yín ní sáà yẹn.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé "Màámi, ti òyìnbó yàtọ̀." Èéfín tó ń pani yẹn, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó sùn ò ní mọ̀ pé ó wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké bó bá gbọ́ ọ. Ra á, fi bátìrì sí i, gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ọmọ. Bó bá ké, tàbí tí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé ọmọ, ẹ bọ́ síta ná kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, mo gbà. Má tíì sọ fún Bísí, tirẹ̀ ni mo fẹ́ kọ tẹ̀lé èyí.

Ya fọ́tò jẹnẹrétọ̀ náà níbi tó wà, kí n rí koríko lábẹ́ rẹ̀. Má fi ohùn ránṣẹ́, fọ́tò ni mo fẹ́. Ẹja gbígbẹ inú ọ̀rá dúdú, ti ìyàwó mi ni, kò kàn ọ́.

Èmi ni,
Màámi rẹ.