Lẹ́tà gbangba látọ̀dọ̀ àwa ọmọ Òròkí tó wà l'Ámẹ́ríkà: ẹ tètè to ọ̀nà òfurufú Òṣogbo

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀yin NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, a kí yín o. A júbà Kábíyèsí Àtáọ́ja.

Àwa ọmọ Òṣogbo tá à ń gbé ní Maryland àti Virginia la kọ̀wé yìí, pápákọ̀ Reagan tó wà lẹ́bàá Washington sì lọ̀pọ̀ nínú wa ń bá wọlé bá jáde. Ẹ ò ní tíì gbàgbé ti January 29, 2025, bàálù tó ń bọ̀ láti Wichita ti fẹ́ balẹ̀ tán ni òun àti hẹlikọ́pítà àwọn sójà bá forí sọ ara wọn lókè odò Potomac, èèyàn 67 ló wà nínú méjèèjì, ẹyọ ẹnì kan ò yè é.

Òfurufú yẹn kì í sì í ṣe ibi téèyàn kàn ń já wọ̀ o. Látìgbà wàhálà September 2001 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, bàálù aládàáni tó bá gbabẹ̀ láìgbàṣẹ, ọkọ̀ ogun lè gbéra lọ bá a. Àmọ́ wọ́n la ọ̀nà tó yàtọ̀ fún hẹlikọ́pítà, ó gba abẹ́ ibi tí bàálù èrò ń gbà balẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣáà má kọjá 200 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn tó ṣèwádìí wá rí i pé àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì lè má ju 75 ẹsẹ̀ bàtà lọ. 75! Bàálù àti hẹlikọ́pítà ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn níbẹ̀ láti 2021, ó wà nínú àkọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó mira, ìgbà tí òkú sùn tán ni FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú l'Ámẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà hẹlikọ́pítà yẹn pa.

Ká wá padà sílé, ẹjọ́ pé Ìdó-Ọ̀ṣun àbí Ẹdẹ ni pápákọ̀ òfurufú tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fẹ́ kọ́ máa wà, a ò dá sí i. Èyí tó bá jẹ́, ẹ ya ibi tí bàálù á máa gbà balẹ̀ sọ́tọ̀ nísinsìnyí, kẹ́ ẹ má fọwọ́ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀. Dróònù ńkọ́? Òfin ní kéèyàn gbàṣẹ kó tó fò ó, ṣé ẹnì kan ń bèèrè ìwé bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní August?

Èyí tó ká wa lára jù ni hẹlikọ́pítà àwọn ọ̀gá ńlá, torí a mọ ara wa nílé, bí òfin ṣe wù kó le tó, ẹni tó ní sáírẹ́nì á kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá máa yọ̀ǹda fún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni, ìgbà wo, báwo ló ṣe máa ga tó, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ látorí tówà, ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù. Bí bàálù méjì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn, ẹ gbé e síta fáráyé rí.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà láàárín wa, wọ́n á bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, a ò ní gba kọ́bọ̀.