Kóòdù tó bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kò tíì dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà onímọ́tò kan nínú ìwé ìròyìn yín, ẹni tó ṣàròyé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bá òun pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, síbẹ̀ tí iná ẹ́ńjìnnì kò dẹ́kun títàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní ayédèrú ló kún ọjà. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ríwáyà ọkọ̀ n'Ìbàdàn kò ní jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ tí a ń tú dànù ni kò ní àrùn kankan lára.

Ìwọ̀n ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín ni sẹ́ńsọ̀ náà ń wò, tó sì ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nígbà tí sìkánà, ẹ̀rọ tí a fi ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, bá gbé kóòdù P0171 jáde, tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé, ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ: rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì lè ti sán, pọ́ńpù epo sì lè ti rẹ̀.

Ìyá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé Corolla wọn wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun méjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé irin tó bá gbóná máa ń wú, a sì máa dí ojú ibi tó ń jò. Bí mo ṣe ṣíná sí i láàárọ̀, mo gbọ́ tó ń dún fì-fì-fì níbi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò orí ààrò. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí àárín sàlẹ́ńsà àti ẹ́ńjìnnì, ló jó. Láàárín ìtújáde èéfín kan sí òmíràn ni afẹ́fẹ́ ìta ń yọ́ wọlé níwájú sẹ́ńsọ̀, tí kọ̀ǹpútà fi ń da epo sí i. A pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, iná kú, kò sì tíì padà tàn.

Àṣìṣe kan tún wà lọ́wọ́ àwa oníṣẹ́ fúnra wa. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ máa ń lọ sókè sódò láàárín volt 0.1 sí 0.9, ìyẹn sì ni ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ti iwájú, èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, lára ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń dúró sí nǹkan bíi volt 3.3, tó bá sì gòkè, afẹ́fẹ́ ló pọ̀, ìdàkejì ti àtijọ́ pátápátá. Sìkánà mìíràn a tilẹ̀ pín in sí márùn-ún, kó máa fi 0.66 hàn, ni ẹni tí kò mọ̀ á bá ní sẹ́ńsọ̀ ti kú.

Ní ti P0135, ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná ló ń sọ. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ yí mítà sí ohm, kí ẹ sì fi kan wáyà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu ní ìhà sẹ́ńsọ̀. Bí mítà kò bá mira rárá, ó ti já nínú, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Bó bá mira, fíúsì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. P0420 ńkọ́? Ó ń sọ pé kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Àwọn kan ń ra kátálíìsì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, owó rẹ̀ sì ń dùn mọ́ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kó ti inú rẹ̀ tà kò lè ṣàì tan iná yẹn, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn yówù kí wọ́n rà sí i.

Kí onímọ́tò yẹn tó ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kó jẹ́ kí wọ́n ṣíná sí ọkọ̀ náà láàárọ̀ kùtù, nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n sì dẹtí sí ìdí sàlẹ́ńsà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ríwáyà ọkọ̀ kan, Ìbàdàn.